Lábẹ́ gíléèsì, nínú rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀: bí a ṣe ń wo iṣẹ́ ọnà ara ìkòkò tánganran àtijọ́ ti ilẹ̀ Ṣáínà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọkọ mi, tó ti dolóògbé, ra ìkòkò ọ̀ṣọ́ tánganran méjì ní ọjà gbàǹjo nígbà ayé rẹ̀. Funfun ni ọ̀kan, wọ́n sì fi búlúù ya dírágónì sí i lára; èkejì ní òdòdó píǹkì àti ewé tútù. Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé ayé ọba Kangxi ni méjèèjì ti wá, nítorí pé orúkọ ọba náà wà ní ìdí wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀, kí sì ni àwọ̀ àti dídán ara wọn lè sọ fún mi nípa ọjọ́ orí wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, mà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo ni pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ búrọ́ọ̀ṣì í lò lè kọ orúkọ ọba sí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ipò tí àwọ̀ wà sí gíléèsì ṣòro láti fi tan ènìyàn jẹ. Gíléèsì ni mo ń pe ohun dídán bíi gíláàsì tó bo ara ìkòkò. Àwọ̀ lè wà lábẹ́ rẹ̀, ó lè wà nínú rẹ̀ gan-an, ó sì lè wà lórí rẹ̀. Iná ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́, nítorí pé ìwọ̀nba èròjà àwọ̀ ló lè fara da ooru tó ń sọ amọ̀ di tánganran.

Ìlú Jingdezhen, ní ìpínlẹ̀ Jiangxi, ni ojúko iṣẹ́ yìí láti ayé ìdílé ọba Yuan títí di òní. Amọ̀ funfun tí wọ́n ń wà ní òkè Gaoling nítòsí ìlú náà àti òkúta kan tí wọ́n ń gún lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń pò pọ̀. Òkúta náà a máa yọ́ nínú iná, amọ̀ náà a sì máa jẹ́ kí ìkòkò dá dúró láìwọ́. Òkúta yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe gíléèsì, tí wọ́n á wá fi eérú kún un kí ó lè tètè yọ́, ìyẹn eérú tí wọ́n rí láti ara òkúta ẹfun tí wọ́n sun pọ̀ mọ́ ewéko igbó. Iná iléru wọn ń gbóná tó nǹkan bí 1300 dígírì Celsius. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, ara ìkòkò àti gíléèsì á wọnú ara wọn débi pé kò sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́.

Kóbáàtì ni èròjà àwọ̀ tó fara da iná yìí jù lọ, òun ló sì ń fún wa ní búlúù ara ìkòkò àkọ́kọ́ tí ẹ ní lọ́wọ́. Oníṣẹ́ ọnà a máa yàwòrán sára ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gbẹ, tí kò tíì wọ iná rí. Lójú ẹsẹ̀ ni amọ̀ gbígbẹ náà ń fa omi inú búrọ́ọ̀ṣì mu, nítorí náà kò sí pé à ń nu nǹkan nù tàbí pé à ń tún ìlà fà. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ayé. Ohun tó wà níwájú oníṣẹ́ ọnà nígbà náà kò tilẹ̀ jọ búlúù rárá, ó ṣú bí eérú, ó sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ bí ibi tó fi nípọn àti ibi tó fi fúyẹ́ yóò ṣe rí lẹ́yìn iná. Bó bá ti yà á tán ni wọ́n á da gíléèsì aláìláwọ̀ bò ó, tí wọ́n á sì sun gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá di ojú yín, tí ẹ sì fi ìka kọjá lára dírágónì yín, kò yẹ kí ẹ mọ ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo wa tó wà nídìí ìmọ̀ yìí máa ń tọ́ka sí kò jìnnà sí yín. Ó wà ní British Museum: ìkòkò méjì tí wọ́n ń pè ní ìkòkò David, nítorí Sir Percival David tó kó wọn jọ. Gíga wọn ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní ọrùn wọn, láàárín ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n yà, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zhang Wenjin fi wọ́n ta ilé òrìṣà lọ́rẹ pẹ̀lú àwo tùràrí kan, kí ààbò àti àlàáfíà lè wà fún ìdílé rẹ̀. Ọdún tó wà nínú àkọlé náà bọ́ sí 1351 nínú kàlẹ́ńdà wa. Nítorí àkọlé yìí la fi mọ̀ dájú pé ṣáájú àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, iṣẹ́ búlúù abẹ́ gíléèsì ti gbó dáadáa ní Jingdezhen, nítorí kì í ṣe ọwọ́ akọ́ṣẹ́ ló ya ìgbì omi, ẹyẹ fínísì àti dírágónì tó wà lára wọn.

Láti apá Páṣíà, tí í ṣe Ìráànì òde òní, ni wọ́n ti ń kó kóbáàtì ìgbà náà wọlé. Irin pọ̀ nínú rẹ̀, máńgánísì rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Níbikíbi tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti fi àwọ̀ tó nípọn sílẹ̀, irin inú rẹ̀ á kóra jọ, á yọ sójú bí àmì dúdú kéékèèké, á sì rì wọ inú gíléèsì. Bí wọ́n bá gbé ìkòkò tó jẹ́ ti sáà Yongle (1403–1424) tàbí ti Xuande (1426–1435), àwọn ọba ìdílé Ming, síwájú yín, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè rá lójú rẹ̀: ẹ ó rí i pé ojú gíléèsì náà jìn díẹ̀ níbi tí àwọn àmì náà wà, bí ẹni pé wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣe é kò pète rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wá lẹ́yìn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì to àmì dúdú sínú búlúù wọn láti fi fara wé iṣẹ́ Ming. Ojú tó ti mọ́ra ń rí ìyàtọ̀ náà kíá. Àmì tí wọ́n fi ọwọ́ tò máa ń wà létòlétò, kì í sì í jìn.

Nígbà tí yóò fi di sáà Kangxi, láàárín 1662 sí 1722, kóbáàtì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ṣáínà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń yan án nínú iná kí wọ́n tó ṣa ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Búlúù ìgbà náà mọ́ gaara. Ó tún ní ìpele ìpele, torí wọ́n ń fi omi là á láti orí èyí tó ṣú bí aró tó ti pọ́n títí dé èyí tó fúyẹ́ bí ojú ọ̀run ìdájí, nítorí náà òkè, àpáta àti ìṣẹ́po aṣọ ara wọn kì í jọ ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ẹ̀wẹ̀, kóbáàtì tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà. Búlúù tirẹ̀ a máa gún ojú, ó ń fà sí elésè-àlùkò, kò sì ní ìpele tí mò ń wí yìí.

Mi ò lè fò kọjá búlúù tí wọ́n ń fẹ́ sára ìkòkò láìsọ nǹkan nípa rẹ̀, nítorí pé inú àwa Yorùbá yóò dùn sí i. Wọ́n á mú ọ̀pá oparun tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di lẹ́nu, wọ́n á sì máa fẹ́ lẹ́búlẹ́bú kóbáàtì gba inú rẹ̀ sára ìkòkò, títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi jọ ohun tí ìrì búlúù sẹ̀ sí. Kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, wọ́n á ti fi bébà lẹ ibi tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹ́kù ní funfun. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ṣe ń fi ẹ̀kọ pa aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró mọ ohun tí bébà yẹn ń ṣe. Ibi funfun tó ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń ya òdòdó sí lẹ́yìn náà, wọ́n a sì máa fi wúrà kọ ọnà sórí búlúù náà.

Ipò kejì ni kí àwọ̀ wà nínú gíléèsì gan-an, tí ìkòkò yóò fi jẹ́ aláwọ̀ kan, láìsí àwòrán. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù níbẹ̀ ni àwọ̀ ewé tútù tí irin díẹ̀ ń mú wá, bí wọ́n bá dín afẹ́fẹ́ inú iléru kù. Longquan ní ìpínlẹ̀ Zhejiang gbajúmọ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ Ru tí wọ́n ṣe fún ààfin ọba ní Henan láyé ìdílé Song, tí èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ní gbogbo ayé kò tó 100. Lára irú gíléèsì bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti máa ń rí ojú sísán tó jọ okùn àwọ̀n: bí ìkòkò ṣe ń tutù, gíléèsì ń súnkì ju ara ìkòkò lọ, ó sì ń sán. Àléébù ni níbòmíràn, ṣùgbọ́n ní Ṣáínà wọ́n sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́, wọ́n tilẹ̀ ń fi tàdáwà pa á kí ó lè hàn dáadáa.

Pupa ni ogun gidi. Bàbà ló ń fún gíléèsì ní àwọ̀ pupa, ṣùgbọ́n bàbà kì í gbọ́ràn sí iná lẹ́nu bíi kóbáàtì. Ooru tó pọ̀ ń sọ ọ́ di oru bí èéfín, yóò sì fò lọ. Bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú iléru bá pọ̀, yóò di àwọ̀ ewé tàbí kí ó má tilẹ̀ hàn mọ́; bí iná bá kùnà díẹ̀, yóò di àwọ̀ eérú. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n fi bàbà yà lábẹ́ gíléèsì ní sáà Hongwu (1368–1398) fi jọ eérú ju pupa lọ. Ní sáà Xuande, wọ́n rí pupa kan ṣe tó jinlẹ̀ tó sì tẹ́jú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi di ohun àwátì. Ìgbà Kangxi ni wọ́n tó tún mú un padà, iṣẹ́ náà sì ń jẹ́ orúkọ Lang Tingji, tó jẹ́ gómìnà Jiangxi láàárín 1705 sí 1712.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ìkòkò pupa Lang kan, nítorí pé ara rẹ̀ ń ṣàlàyé bí iná ṣe bá a lò. Ní etí ẹnu rẹ̀, gíléèsì fẹ́lẹ́, bàbà sì ti fò lọ, nítorí náà etí náà funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ojú yín ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, pupa náà ń jinlẹ̀ sí i, ẹ ó máa rí ìlà tóóró tóóró tó ṣàn wálẹ̀ nígbà tí gíléèsì ń yọ́, àti ìléròrò afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó kóra jọ nípọn, ó ṣú bí ẹ̀jẹ̀ màlúù, ó sì dúró gẹ́lẹ́ sí etí ẹsẹ̀ ìkòkò láìṣàn kọjá. Ìdúró yẹn ni mo kúndùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Gíléèsì tó nípọn bẹ́ẹ̀, tó ń ṣàn nínú iná 1300 dígírì, kí ó sì dá dúró níbi tí wọ́n fẹ́ kó dúró sí gan-an, ìmọ̀ tó ga ló lè ṣe é. Lára ọ̀pọ̀ ìkòkò pupa tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, gíléèsì ti ṣàn kọjá ẹsẹ̀, wọ́n sì ti ní láti fi òkúta lọ̀ ọ́ kúrò. Àpá lílọ̀ náà kì í parẹ́.

Ipò kẹta ni ti ìkòkò kejì tí ẹ ní, ìyẹn ọ̀dà orí gíléèsì. Àwọn àwọ̀ tí kò lè fara da iná ńlá ni wọ́n ń lò níbí. Wọ́n á lọ gíláàsì tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á po èròjà àwọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi yàwòrán sórí ìkòkò tí wọ́n ti sun tán, tó ti ń dán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún gbé e wọ iléru kékeré, tí iná rẹ̀ wà láàárín 700 sí 850 dígírì. Ọ̀dà náà á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ojú gíléèsì, ṣùgbọ́n kò ní wọnú rẹ̀. Nítorí náà, ìka yín á mọ̀ ọ́n, ojú á sì máa rí i bí ẹ bá dà á sí ìmọ́lẹ̀. Ó lè họ, ó sì lè ṣá bí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ léraléra.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n gbà da ipò àkọ́kọ́ àti ìkẹta pọ̀. Ní sáà Chenghua (1465–1487), wọ́n a fi kóbáàtì fa ìlà àwòrán lábẹ́ gíléèsì, wọ́n á sun ún, wọ́n á wá fi ọ̀dà pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè kún inú ìlà náà lórí gíléèsì. Ó gba pé kí ẹni tó fa ìlà àti ẹni tó kún un jẹ́ ọ̀kan nínú ọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ńlá wà láàárín iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Ní sáà Kangxi, àwọ̀ ewé ló ń jọba lórí gíléèsì, pẹ̀lú pupa tí irin ń mú wá, àwọ̀ ìyeyè, àlùkò máńgánísì àti búlúù orí gíléèsì. Gbogbo ọ̀dà wọ̀nyí, yàtọ̀ sí pupa irin, ń mọ́ gaara bíi gíláàsì aláwọ̀, ẹ sì lè rí funfun ìkòkò láti abẹ́ wọn. Píǹkì yàtọ̀ pátápátá. Wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí wọ́n sọ di egunrín tí ojú lásán kò lè rí. Pẹ̀lú rẹ̀ ni funfun kan tí kò mọ́ gaara dé, tí òjé àti ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀. Funfun yìí ló yí gbogbo nǹkan padà, nítorí pé oníṣẹ́ ọnà lè pò ó mọ́ àwọ̀ yòówù, kí ó sì máa mú un fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ewé òdòdó kan ṣoṣo. Inú ààfin Beijing ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ní ìparí ayé Kangxi, níbi tí àwọn àlùfáà Jésùìtì láti Yúróòpù ti ń bá àwọn oníṣẹ́ ọba ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀yìn tí Yongzheng gun orí oyè, láàárín 1723 sí 1735, ló tó tàn ká ọjà.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, mà. Ìkòkò òdòdó píǹkì tó wá láti ọjà, tó sì ń sọ pé ọmọ ayé Kangxi lòun, ní ọ̀ràn láti ṣàlàyé.

Ẹni tó fẹ́ rí bí àwọn ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lè pàdé lára ìkòkò kan, èyí tó dára jù wà ní Palace Museum ní Beijing. Wọ́n ṣe é fún ọba Qianlong (1736–1795), gíga rẹ̀ jẹ́ 86.4 sẹ̀ǹtímítà, oríṣi gíléèsì àti iṣẹ́ ọnà tó wà lára rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí sì tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: búlúù abẹ́ gíléèsì, àwọ̀ ewé tó fara wé iṣẹ́ Ru, gíléèsì sísán, búlúù tí wọ́n fi wúrà kọ ọnà sí, àti àwòrán aláwọ̀ píǹkì ní ikùn rẹ̀. Gbogbo ohun tó nílò iná ńlá ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ parí ṣáájú kí ọ̀dà orí gíléèsì tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ nínú iná ìkẹyìn, gbogbo iṣẹ́ ìṣáájú ti ṣòfò. Tang Ying ni alábòójútó iléru ọba ní Jingdezhen nígbà náà. Ọdún 1728 ló débẹ̀, nígbà tó sì di 1735, ó to oríṣi gíléèsì àti ọnà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ju 50 lọ. Mi ò mọ ẹlòmíràn nínú ìtàn iṣẹ́ yìí tó lóye iná tó o.

Ní ti orúkọ Kangxi tó wà ní ìdí àwọn ìkòkò yín, ẹ má jẹ́ kí ó gbé yín lọ́kàn jù. Ní ọdún 1677, nínú sáà Kangxi gan-an, aláṣẹ agbègbè náà pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ ọba sára ìkòkò mọ́, nítorí pé bí àwo bá fọ́, wọ́n lè tẹ orúkọ ọba mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Kangxi tòótọ́ ló wá ní òrùka búlúù méjì lásán ní ìdí, tàbí orúkọ ọba Chenghua tó ti kú tipẹ́. Nígbà tó wá di sáà Guangxu (1875–1908), tí àwọn olówó Yúróòpù ń wá iṣẹ́ Kangxi lójú méjèèjì, wọ́n ń kọ orúkọ Kangxi sí ìdí ìkòkò tuntun ní yàlàyòlò. Bó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ dípò mẹ́fà, Guangxu ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìwà ayédèrú nìkan kọ́ ló ń fa èyí o. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà Ṣáínà, kíkọ orúkọ ayé àtijọ́ jẹ́ ọ̀nà láti bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣáájú.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi láìtíì rí wọn ni pé ìkòkò píǹkì náà kì í ṣe ti Kangxi. Ó lè jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tàbí ogún, ó sì lè rẹwà síbẹ̀. Ẹ mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ wo òdòdó kan ní òdòdó. Bí ẹ bá rí ipa búrọ́ọ̀ṣì, tí píǹkì ń yọ́ wọ funfun, ọwọ́ ènìyàn ló yà á. Bó bá jẹ́ tóótòòtó tó wà ní ìlà ìlà bíi ti àwòrán inú ìwé ìròyìn lẹ rí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan àtijọ́.

Ti búlúù ni mi ò tíì lè sọ. Ẹ lọ sí yàrá 95 ní British Museum, ẹ kò ní san kọ́bọ̀, kí ẹ dúró níwájú àwọn iṣẹ́ Kangxi tó wà níbẹ̀ títí ojú yín yóò fi mọ búlúù wọn, kí ẹ tó padà wo tiyín lójú ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ ìnura, kí ẹ ya àwòrán òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí gíléèsì kò dé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán lẹ́tà ìdí rẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ má fi ọṣẹ líle tàbí kàn-ìnkàn kan èyí tó ní píǹkì, pàápàá bí wúrà bá wà ní etí rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ti tó.